Ọjọ́ Méjìlá Lọ́dún: Owó Iṣẹ́ Ẹni Tí Àìsàn Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Dá Dúró Sílé ní Ojú Ore

Ọjọ́ iṣẹ́ 12 ni òfin Nàìjíríà ní kí agbanisíṣẹ́ san owó rẹ̀ lọ́dún fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn kò jẹ́ kó wá síbi iṣẹ́. Abala 16 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ tí ìjọba ológun gbé jáde ní 1974 ló sọ ọ́. Abala náà ṣì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti 2004, iye ọjọ́ náà kò sì tíì yí padà. Àìsàn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àìsàn ìgbà díẹ̀, dókítà tó forúkọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i, láàárín oṣù kìn-ín-ní sí oṣù kejìlá ọdún kan ṣoṣo ni wọ́n sì ti ń ka ọjọ́ náà. Owó iṣẹ́ gan-an ni òfin ní kí wọ́n san, kì í ṣe ààbọ̀ rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀gá bá rí fi tọrẹ.

“Ìgbà díẹ̀” yìí ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, fòníkú-fọ̀la-dìde, ásímà, wárápá, àìsàn kíndìnrín tàbí jẹjẹrẹ. Irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kì í tán nílẹ̀ bíi ibà. Ó lè rọlẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kó tún gbérí lóru ọjọ́ kan, ẹni tó sì ń bá a yí kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òkú, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ ni òfin ń kà. Ọdún ni àìsàn tirẹ̀ ń kà. Àlàfo tó wà láàárín ìṣirò méjèèjì ni òfin Nàìjíríà kò tíì dí, ohun tí òṣìṣẹ́ sì lè fi dí i wà káàkiri inú òfin mìíràn, inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti inú àdéhùn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ojú Ore wà ní Ọ̀tà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà, lójú ọ̀nà tó ti Ṣàngó lọ sí Ìdírókò. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ òwúrọ̀ àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ òru ti máa ń pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ dáńfó àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá, torí pé ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, tó ń ṣe ike, fóòmù, ohun mímu, páálí àti oògùn pọ̀ káàkiri àgbègbè náà. Iṣẹ́ ìdúró ni púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ẹ̀rọ kì í dúró de ẹni tí oyì ń kọ́, súpáfáísọ̀ sì ní iye ẹrù tó gbọ́dọ̀ jáde kí ṣíìfù tó parí. Níbi tí nǹkan rí báyìí, ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu léraléra kì í pẹ́ di ẹni tí wọ́n ń wò tìfura-tìfura.

Ta ni òfin ń pè ní òṣìṣẹ́?

Abala 91 Òfin Òṣìṣẹ́ sọ pé òṣìṣẹ́ ni ẹni tó bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn láti ṣe iṣẹ́ agbára tàbí iṣẹ́ akọ̀wé, yálà wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ tàbí ẹnu ni wọ́n fi ṣe é, yálà wọ́n là á mọ́lẹ̀ tàbí ìṣe wọn ló fi hàn pé ó wà. Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì gidigidi fún àwọn tí wọ́n ń pè ní kásúà. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní ìwé kankan. Ejẹ́ńtì kan ló kó wọn wá, òun náà ló ń sanwó fún wọn ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọ́n sì ti gbà lọ́kàn pé ọjọ́ tí ẹsẹ̀ kò bá kan géètì, owó kò kan ọwọ́. Òfin kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń wá sí ilé-iṣẹ́ kan náà fún oṣù mẹ́jọ, tó ń gba àṣẹ lẹ́nu ọ̀gá kan náà, nídìí ẹ̀rọ kan náà, ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láti rò pé òṣìṣẹ́ ni òun, pé ọjọ́ 12 náà sì tọ́ sí òun. Àìsí ìwé kì í pa ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ẹ̀rí rẹ̀ ṣòro kó jọ. Káàdì ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń wọlé, ìwé tí wọ́n ń buwọ́ lù lówùúrọ̀, àlẹ́ẹ̀tì owó tó wọ báǹkì, àtẹ̀jíṣẹ́ súpáfáísọ̀ lórí WhatsApp, gbogbo wọn ló lè jẹ́rìí.

Ohun mìíràn tí kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé abala 16 kò ní kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ lo iye oṣù kan kó tó jẹ ẹ̀tọ́ náà. Ìsinmi ọdọọdún ń béèrè oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́. Owó ìsinmi ìbímọ ń béèrè oṣù 6. Àìsàn kò béèrè irú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó wọṣẹ́ lóṣù tó kọjá, tí àìsàn kọlù lóṣù yìí, kò sí lẹ́yìn òfin.

Ẹni tí òfin yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alábòójútó, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí iṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú. Máníjà, onímọ̀ ìṣirò owó àti ẹnjiníà kì í ṣe “òṣìṣẹ́” nínú ìtumọ̀ abala 91. Ẹ̀tọ́ tiwọn kò ju ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́ lọ. Ó jọ ohun ìyanu pé akọ̀wé tó jókòó ní ọ́fíìsì iwájú ní ọjọ́ 12 tí òfin dá ààbò bò, tí ẹnjiníà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́yìn ilé kò sì ní ẹyọ kan, àyàfi tí ìwé rẹ̀ bá sọ ọ́.

Bí ọjọ́ 12 ṣe ń tán

Owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000 ní oṣù keje 2024. Ẹni tó ń gba iye yẹn, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ń gba nǹkan bíi ₦2,700 lójúmọ́. Gbogbo owó tí abala 16 ń dáàbò bò fún un lọ́dún kò ju nǹkan bíi ₦32,300 lọ.

Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí dókítà ní kó máa wá fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yóò lo ọjọ́ 12 tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọdún ṣì ku oṣù 11. Fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, bí ìrora bá dá a dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ní ìgbà mẹ́ta, ó ti parí. Ti onítọ̀ ṣúgà tún yàtọ̀: bí ó bá ń lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tí ilé-iṣẹ́ sì ń ka ọjọ́ náà mọ́ ọjọ́ àìsàn, ìbẹ̀wò lásán ti jẹ ọjọ́ 12 náà tán, kò wá sí ẹyọ kan nílẹ̀ fún ọjọ́ tí ara bá yọnu gan-an. Àìsàn kan péré ni ìṣirò òfin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mu, ikọ́ fée tí àwọn dókítà ń pè ní TB. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń lo oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn náà ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni ewu àti kó o ran ẹlòmíràn máa ń pọ̀ jù. Fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ 12 jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì géérégé. Lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ lè padà síbi iṣẹ́ bí dókítà bá gbà, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn lọ.

Ṣé àìsàn tó ń lọ tó ń bọ̀ tilẹ̀ jẹ́ “àìsàn ìgbà díẹ̀”? Agbanisíṣẹ́ kan lè sọ pé ẹni tí wọ́n bí fòníkú-fọ̀la-dìde mọ́ kò ní àìsàn ìgbà díẹ̀ láéláé. Ìtumọ̀ yẹn kò bá ọgbọ́n òfin mu. Ohun tí abala 16 ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni àìlèwá síbi iṣẹ́. Ìrora tó dá èèyàn dúró fún ọjọ́ mẹ́rin, tó sì jẹ́ kó padà lọ́jọ́ karùn-ún, ìgbà díẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orísun rẹ̀ kò ní lọ. Ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn bí 1 nínú 4 ti ní ẹ̀jẹ̀ AS, tí ọmọ tó ń jogún fòníkú-fọ̀la-dìde sì pọ̀ ju ti ibikíbi lọ láyé, òfin tó bá yọ àwọn wọ̀nyí sílẹ̀ kò mọ ìlú tí wọ́n ṣe é fún.

Àǹfààní kékeré kan wà nínú bí wọ́n ṣe ń ka ọdún. Ọdún kàlẹ́ńdà ni, kì í ṣe oṣù 12 láti ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn láàárín oṣù kejìlá lè lo ọjọ́ 12 ti ọdún tó ń parí lọ, kí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ fún un ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní. Bákan náà, ìsinmi ọdọọdún tí abala 18 fúnni, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6, ẹ̀tọ́ ọ̀tọ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ tó bá yọ ọjọ́ àìsàn kúrò nínú ìsinmi ọdọọdún nígbà tí ọjọ́ 12 kò tíì tán ti da ẹ̀tọ́ méjì pọ̀ mọ́ ọ̀kan.

Ibòmíràn lágbàáyé kò rí báyìí. Láti 1883 ni Jámánì ti ní òfin ìdójútòfò àìsàn fún òṣìṣẹ́, lónìí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ fi ń san owó pípé kí àjọ ìdójútòfò tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba owó àìsàn tí òfin Britain là sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 28, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kéré púpọ̀ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní Gánà, Òfin Òṣìṣẹ́ ti 2003 kà á sí ìwà àìtọ́ láti lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìsàn ìgbà díẹ̀ tí dókítà jẹ́rìí sí. Nàìjíríà pàápàá kò fi ọwọ́ kan náà mú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fàyè gba ọjọ́ 42 láàárín oṣù 12 fún òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò dùbúlẹ̀ sílé ìwòsàn, ẹni tí wọ́n sì dá dúró síbẹ̀ ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsàn kan náà ló ń ṣe akọ̀wé ìjọba àti ẹni tó ń di ọṣẹ sínú páálí ní Ojú Ore.

Ìwé dókítà

Láìsí ìwé dókítà, abala 16 kò ní agbára kankan. Dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn nìkan ni òfin mọ̀. Ìwé kẹ́míìsì kò tó. Ti nọ́ọ̀sì kò tó, ti ilé àdúrà kò tó. Èyí sì le fún tálákà, torí pé kẹ́míìsì àti alágbo ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ sá lọ bá, kì í ṣe nítorí pé wọn kò mọ ohun tó dára, bí kò ṣe pé owó káàdì àti owó àyẹ̀wò ń dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta ti lọ láìsí ẹ̀rí. Ilé Ìwòsàn Ìjọba tó wà ní Ọ̀tà àti ilé ìwòsàn aládàáni tó ní dókítà gidi lè fúnni ní ìwé tí òfin mọ̀.

Ìwé tó dára máa ń sọ ọjọ́ tí dókítà rí aláìsàn, iye ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, àti ọjọ́ tó lè padà. Fún àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìwé kejì tún wúlò, èyí tí dókítà yóò ti ṣàlàyé pé àìsàn náà lè máa padà wá, tí yóò sì sọ irú iṣẹ́ tí kò yẹ kí ẹni náà máa ṣe: iṣẹ́ òru fún ẹni tó ní wárápá, iṣẹ́ ẹ̀gbẹ́ iná ìléru fún ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, ibi eruku fún ẹni tó ní ásímà. Ìwé kejì yìí ni ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Ó sì lè jẹ́ òun ni yóò gba iṣẹ́ wọn là, torí pé agbanisíṣẹ́ tó ti mọ̀, tó tún fi èèyàn sídìí ìléru, kò ní rí àwáwí kankan lọ́jọ́ iwájú.

Orúkọ àìsàn ńkọ́? Òfin Ìlera ti 2014 dáàbò bo àṣírí aláìsàn, Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ìsọfúnni tó gbẹgẹ́. Dókítà kò gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ilé-iṣẹ́ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìwé tó sọ pé “kò lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún” ti tó láti gba owó ọjọ́ márùn-ún. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ kí wọ́n yí iṣẹ́ òun padà tàbí kí wọ́n fún òun ní àkókò tó gùn ni sísọ púpọ̀ sí i lè ṣe é láǹfààní, ìpinnu yẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà gbogbo ìwé gbọ́dọ̀ wà nílé. Kí ẹni tó gbà á ní ọ́fíìsì buwọ́ lù ú, kó kọ ọjọ́ sí i, kí òṣìṣẹ́ náà sì ya fọ́tò rẹ̀. Ìwé tó sọnù sínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ti ba ọ̀pọ̀ ẹjọ́ tó dára jẹ́.

Ohun tó ju ọjọ́ 12 lọ

Òfin sọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín; kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 7 Òfin Òṣìṣẹ́ pa á láṣẹ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ wọṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó la àdéhùn iṣẹ́ sílẹ̀, títí kan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àìsàn tàbí ìpalára kò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́, àti owó ìgbà àìsàn bó bá wà. Ilé-iṣẹ́ tó tóbi máa ń ní ìwé òfin tirẹ̀, tó lè fàyè gba oṣù díẹ̀ pẹ̀lú owó pípé, kí ààbọ̀ owó tẹ̀lé e, kó tó di ìsinmi tí kò ní owó. Ẹni tí kò ka ìwé yẹn rí lè máa tọrọ ọjọ́ 12 nígbà tí oṣù mẹ́ta wà nílẹ̀ fún un.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló máa ń fa ẹ̀tọ́ náà gùn. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ oúnjẹ àti ohun mímu tí wọ́n ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí NUFBTE, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irin, àti ẹgbẹ́ tó kó òṣìṣẹ́ kẹ́míkà, bàtà, rọ́bà àti awọ jọ, ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó láti kọ àdéhùn, ọ̀rọ̀ àìsàn sì máa ń wà lára ohun tí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ń yanjú. Láyé àtijọ́, ilé-ẹjọ́ kì í sábà fi ipá mú agbanisíṣẹ́ tẹ̀lé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ wọ inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ olúkúlùkù. Àtúnṣe Kẹta sí òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹta 2011, fún Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè lágbára láti túmọ̀ àdéhùn ẹgbẹ́ kó sì lò ó.

Àìsàn tó ti ibi iṣẹ́ wá

Gbogbo ìṣirò tó ti wà lókè yí padà bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an ló fa àìsàn náà. Òfin Owó Gbà-máà-bínú Òṣìṣẹ́ ti 2010, tó rọ́pò ti 1987, kò mọ ìwọ̀n ọjọ́ 12. Àjọ NSITF ló ń mójú tó o. Gbogbo agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san fún òṣìṣẹ́ sínú àpò àjọ náà, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó òṣìṣẹ́ láti fi san án. Inú àpò yìí ni owó ti ń jáde fún ìpalára, fún àìsàn iṣẹ́, àti fún ìdààmú ọpọlọ tí ibi iṣẹ́ dá sílẹ̀.

Àwọn àìsàn kan wà tí òfin náà kọ sílẹ̀ pẹ̀lú irú iṣẹ́ tó ń fà wọ́n. Bí òṣìṣẹ́ bá ní ọ̀kan nínú wọn, tó sì ń ṣe irú iṣẹ́ náà nígbà tí àìsàn dé, òfin gbà pé iṣẹ́ ló fà á àyàfi tí ẹlòmíràn bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ẹ̀rí yìí ṣe pàtàkì ní àgbègbè Ọ̀tà. Etí tó dí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá nídìí ẹ̀rọ tó ń pariwo, ẹ̀dọ̀fóró tí eruku bàjẹ́, májèlé òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń tú bátìrì, ásímà tí òórùn kẹ́míkà fà: ọ̀pọ̀ ló ti pe irú nǹkan wọ̀nyí ní àtúbọ̀tán ọjọ́ orí tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ayé, tí wọ́n ń fi owó ara wọn ra oògùn, nígbà tí àpò kan wà tí agbanisíṣẹ́ wọn ti ń sanwó sí nítorí wọn.

Àkókò kúrú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14. Agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan ni wọ́n fún ẹni tó fẹ́ béèrè owó náà. Nínú àìsàn tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí dókítà sọ orúkọ rẹ̀ tó sì so ó mọ́ iṣẹ́ ni ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tètè gbé ìgbésẹ̀, torí pé dókítà tí kò mọ iṣẹ́ tí èèyàn ń ṣe kò lè so méjèèjì pọ̀. Kí aláìsàn sọ fún dókítà pé ìdí ìléru ni òun ń dúró, tàbí pé gọ́ọ̀mù ni òun ń fà sí bàtà, wúlò bíi kó sọ ibi tó ń dùn ún. Bó bá já sí pé ẹni náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ rárá títí ayé, ìdá 90 nínú 100 owó iṣẹ́ rẹ̀ ni òfin ní kí àjọ náà máa san fún un.

Bí wọ́n bá fẹ́ lé aláìsàn lẹ́nu iṣẹ́

Agbanisíṣẹ́ kì í sábà sọ pé òun kò ní san owó ìgbà àìsàn. Ohun tó rọrùn jù fún un ni kó jẹ́ kí àdéhùn iṣẹ́ parí. Abala 11 Òfin Òṣìṣẹ́ sọ iye ìgbà tí ó gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀ tẹ́lẹ̀: ọjọ́ kan fún ẹni tí kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹni tó ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, oṣù kan fún ẹni tó lo ọdún márùn-ún sókè. Lójú òfin àtijọ́ tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, bó bá ti fún un ní àkókò yìí tàbí owó rẹ̀, kò di dandan kó sọ ìdí. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti bá kúrò níbi iṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pe àìsàn wọn lórúkọ.

Nǹkan ti ń yí díẹ̀. Àtúnṣe ti 2011 yẹn náà ní kí Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ máa wo ìlànà tó dára jù lágbàáyé nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Àdéhùn 158 tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣe ní 1982 sì sọ pé àìwá síbi iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nítorí àìsàn tàbí ìpalára kì í ṣe ìdí tó tọ́ láti lé èèyàn. Nàìjíríà kò tíì fọwọ́ sí àdéhùn náà, síbẹ̀ àwọn adájọ́ kan ní Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti tọ́ka sí i láti sọ pé lílé èèyàn láìsọ ìdí kò bágbà mu mọ́. Ẹnu gbogbo adájọ́ kò tíì kò lórí èyí.

Agbẹjọ́rò agbanisíṣẹ́ lè gba ọ̀nà mìíràn, kó ní àìsàn ti fọ́ àdéhùn fúnra rẹ̀, pé kò sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni. Ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì méjì ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1966, ilé-ẹjọ́ gbà pé àdéhùn ọ̀dọ́mọkùnrin onílù kan nínú ẹgbẹ́ olórin Barron Knights ti fọ́, torí pé alẹ́ méje lọ́sẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà lè ṣeré, dókítà sì ní kó má ju mẹ́rin lọ. Ní 1972, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Harland and Wolff kan tí àyà ń dùn ti wà nílé fún oṣù 18, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ ní àdéhùn rẹ̀ kò fọ́. Ohun tí adájọ́ wò nínú ẹjọ́ kejì yìí ló yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀: irú iṣẹ́ náà, bó ti pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, irú àìsàn àti ìrètí ìwòsàn, bóyá ó di dandan kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, àti bóyá wọ́n ṣì ń sanwó fún un. Ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò de adájọ́ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọ́n ń kà á. Iṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ tí èèyàn 40 jọ ń ṣe yàtọ̀ sí ti onílù kan ṣoṣo. Ilé-iṣẹ́ ńlá kò lè tètè sọ pé àìsí ẹnì kan ti dá gbogbo iṣẹ́ dúró.

Òfin méjì mìíràn tún wà fún àwọn kan. Òfin ọ̀tọ̀ kan ti 2014 lòdì sí kí wọ́n fi kòkòrò apa sójà ara ṣe ìdí láti yẹra fún ẹnikẹ́ni, kò sì gba kí agbanisíṣẹ́ fi àyẹ̀wò rẹ̀ ṣe ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ ṣe kó tó rí iṣẹ́. Òfin Àbò Àwọn Abarapá ti 2018, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2019, dáàbò bo ẹni tí àbùkù ara tàbí ti ọpọlọ tó ń pẹ́ lára bá wà lára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá yà á sọ́tọ̀ lè san ₦1,000,000 ìtanràn. Ẹnì kan tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ gba apá kan lọ́wọ́ rẹ̀ wọ inú òfin yìí láìsí àríyànjiyàn. Ti onítọ̀ ṣúgà tí ara rẹ̀ ṣì le kò hàn gbangba bẹ́ẹ̀.

Ìwé tí òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ pé òun fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni ewu tó tóbi jù. Wọ́n lè gbé e wá fún un ní bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn, pẹ̀lú ìlérí pé wọn yóò gbà á padà bí ara bá yá. Bó bá ti buwọ́ lù ú, kò sí pé wọ́n lé e mọ́, ẹjọ́ tó lè rò sì dín kù jọjọ. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dé bá lè kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ, tàbí ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láṣẹ láti wọ ilé-iṣẹ́ lọ yẹ ìwé wò. Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ náà ní ẹ̀ka tó ń bá àwọn tó ń jà parí ọ̀rọ̀ láìdé iwájú adájọ́.

Owó ìtọ́jú àti owó ìkẹyìn

Owó oṣù tó ń wọlé kò tó bí ilé ìwòsàn bá ń gbé e lọ. Òfin ìdójútòfò ìlera ti 2022 sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní ìdójútòfò, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń forúkọ èèyàn sílẹ̀, títí kan àwọn tí kì í ṣiṣẹ́ oṣù. Ìdójútòfò ìlera kì í san owó iṣẹ́; ìtọ́jú ló ń san. Nítorí náà kò lè rọ́pò ọjọ́ 12, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ 12 kò lè rọ́pò rẹ̀.

Bí dókítà tàbí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn bá wá jẹ́rìí pé òṣìṣẹ́ kan kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ti 2014 kò ní kó dúró de ọdún 50 kó tó fọwọ́ kan owó tó ti ń kó jọ. Òfin yìí de ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè: agbanisíṣẹ́ ń san ìdá 10 nínú 100, òṣìṣẹ́ ń san 8. Ẹni tó kàn pàdánù iṣẹ́ kó tó pé ọdún 50 lè gba ìdá 25 nínú 100 owó náà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin tí kò bá rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tí ìwé oníṣègùn mú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kò sí lábẹ́ ìdíwọ̀n yẹn. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì wà nínú ohun tí ìwé ìkẹyìn bá sọ pé ó fà á tí òṣìṣẹ́ fi kúrò, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ àìsàn hàn kedere nínú ìwé náà kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lù ú. Òfin kan náà ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìdójútòfò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tó ń gbà lọ́dún, àwọn tó sì ni ẹni tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́ ni owó náà wà fún, ì báà jẹ́ àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló pa á.